Iná Tí Kò Fara Kan Irin

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi etí mọ iná kí n tó fi ojú rí i. Iná gáàsì tó dára kì í pariwo. Ó máa ń rọra mí ni, bí ọmọ tó yó tó sì sùn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ní Ibafo kò fẹ́ iná tó ń mí, èyí tó ń bú ramúramù ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn tó ń se ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń dín búnnsì lẹ́bàá títì márosẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń dúró lé mi lórí, tí wọ́n á ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí iná yìí lágbára o. Ẹ má fún mi ní iná aláìsàn." Èmi náà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì rò pé ẹni tó bá ti mú oníbàárà rẹ́rìn-ín ti mọṣẹ́, màá mú ìlu, màá tún ihò báná lù kó fẹ̀ sí i.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa má baà ṣìnà, báná ni irin róbótó tí iná ń jó lórí rẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Gáàsì á ti inú sílíńdà gba inú rọ́bà wá, á jáde lójú àwọn ihò tó wà lórí irin náà, ibẹ̀ la ó sì ti ṣáná sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó àti bí gáàsì ṣe ń yára jáde tó, ọgbọ́n yìí sì ni ọ̀gá mi fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi ní Ifọ, tí mo fi oṣù mẹ́rin péré gbàgbé ní Ibafo.

Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, àgbàlagbà mùsùlùmí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán, tó máa ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìjórin. Ó ní àṣà kan tó máa ń bí mi nínú. Báná kankan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti se omi tíì lórí rẹ̀. Ẹni tó ni báná á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá mi á gbé kẹ́tùlù ka iná, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí kò dára àti ọmọ tí kò gbọ́ràn títí omi á fi hó. Wọ́n á mu tíì náà tán, wọ́n á fọ ife, kí báná tó lọ sílé oníbàárà. Èmi á wà lẹ́yìn wọn, màá máa ṣe họ̀ọ̀ nínú ara mi, màá máa ro iye iṣẹ́ tí à bá ti ṣe parí. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé bí bàbá náà bá ń rẹ́rìn-ín, tó bá ń sọ̀rọ̀, tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára iná.

Lọ́jọ́ kan ló pè mí, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó. Ó ní gáàsì ń sá jáde, iná sì ń rìn padà lọ síbi tí gáàsì ti ń jáde. Ó ní kí n ro ẹni tó wọ inú odò, tó kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, tó sì ń rìn. Bí omi bá rọra ń ṣàn, ẹni náà á rìn dé ìdí orísun, á dúró síbẹ̀. Bí omi bá yára jù ú lọ, omi á máa tì í sẹ́yìn títí á fi dé ibi tí odò ti fẹ̀, tí agbára omi ti rọ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ranlẹ̀. Bí omi bá wá tún yára ju ìyẹn lọ, á gbé e lọ pátápátá, a ò ní rí i mọ́. "Bí iná ṣe rí nìyẹn," ló wí. "Èyí tó bá kúrò lẹ́nu irin, tó lọ dúró sókè, kò tíì kú, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ọ̀nà ibi tó máa gbà lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó parí. O ò gbọdọ̀ fi irú ẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́." Ó wá fi oògùn rẹ̀ hàn mí, òrùka irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ yíká, tí wọ́n ń jó mọ́ ara báná. Gáàsì á máa fẹ́sọ̀ jáde nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn, iná kéékèèké á gbá irin mú ṣinṣin, àwọn ni kò ní jẹ́ kí iná ńlá fò lọ. Odidi ọjọ́ kan ló fi ń ṣe òrùka kan. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo mọ bẹ́ẹ̀ ni sà í sọ nígbà náà ju bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ í gbọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ fà lé bàbá yẹn lọ́wọ́. Òun ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn, òun ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń nà mí, òun ló ń gbé ẹran tó wà nínú abọ́ tirẹ̀ sínú tèmi. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbé Mowe, ó ń se oúnjẹ fún àwọn ìjọ tó ń wá ṣe ìsọjí àti ààwẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, òun ló ń se ìrẹsì tí wọ́n á fi ṣínu. Igi ló fi ń dáná láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, èéfín sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ débi pé tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bíi pé ó fẹ́ sunkún.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tí mi ò kà sí nígbà náà. Ó ti ń sin Ọlọ́run láti kékeré, kò sì ní ẹ̀rí kan tó lè dìde jẹ́. Bí àwọn ènìyàn bá wà nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn, òun á wà lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ ìkòkò, á máa gbọ́ àtẹ́wọ́ láti òkèèrè. Ó sọ fún mi nígbà kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, pé bóyá Ọlọ́run kì í dé ilé ìdáná. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Mo ti ń ṣèlérí fún un tipẹ́ pé màá ṣe báná ńlá kan fún un, èyí tó máa gba ìkòkò tí ènìyàn méjì ń gbé. Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe é, mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tí gbogbo Mowe á máa sọ. Mo lu ihò rẹ̀ fẹ̀. Mo yọ rẹgulétọ̀ ilé, ìyẹn irin tí wọ́n máa ń dé sórí sílíńdà kí gáàsì lè máa fẹ́sọ̀ jáde, mo fi èyí tó ń tú gáàsì jáde tagbáratagbára dípò rẹ̀. Nígbà tí mo ṣáná sí i ní ṣọ́ọ̀bù, iná náà bú, ó fò kúrò lórí irin, ó sì lọ dúró sókè ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Láàárín irin àti iná, kò sí nǹkan kan. Mo ń rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kedere.

Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí sílẹ̀ níbi yìí, mo rí i. Mo dín gáàsì kù, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Mo tún tú u sílẹ̀, ó gòkè. Òrùka oníhò wẹ́wẹ́ ló yẹ kí n jó mọ́ ọn, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni, ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ ńlá lọ́jọ́ kejì, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ pé mò ń gbé e bọ̀. Mo ní bí wọ́n bá gbé ìkòkò kà á, ìkòkò á tẹ iná náà mọ́lẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀lẹ máa ń bá ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Mi ò gbé omi kankan kà á, débi tí màá mu tíì. Mo háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbé báná náà lọ sí Mowe, ẹ̀gbọ́n mi sì fi gbogbo ẹnu súre fún mi.

Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí mo mọ̀ pé oúnjẹ á ti jinná, orin ni mo gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ìjọ náà pé bí ogún, wọ́n yí àtíbàbà ẹ̀gbọ́n mi ká, wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọn kò tíì gbé ìkòkò kejì ka iná, iná náà sì dá dúró sínú afẹ́fẹ́, ó mọ́ roro, kò fara kan irin. Nígbà mìíràn, apá kan rẹ̀ á pòórá, á tún dédé padà wá, nítorí pé iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ràn án. Àwọn kò mọ èyí. Bó bá ti padà báyìí, ariwo hallelúyà á sọ. Ìyá ìjọ, obìnrin kan tó sanra tó sì ní ohùn, ló rí mi, wọ́n sọ fún un pé èmi ni mo ṣe báná náà. Ó ní kí n súnmọ́ òun.

"Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé gbogbo èyí tí ẹ ń ṣe ló máa ń rí báyìí?"

Mo ronú sí i díẹ̀. "Rárá o, Mà," ni mo wí. "Èyí nìkan ni."

Òótọ́ ni mo sọ, irọ́ sì ni mo fi í pa. Ìyá ìjọ gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹ ti gbọ́, ó ní ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé kì í ṣe ọwọ́ òun. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún iṣẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, inú mi sì ń dùn, mi ò ní purọ́. Kò tíì sí ẹni tó yin iṣẹ́ mi báyẹn rí. Ní Ifọ, bí mo bá ṣe ohun tó dára, ọ̀gá mi á kàn ní kí n gbálẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi bu ìrẹsì fún mi, ó gbé ẹran ńlá lé e, ó jókòó tì mí. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ìyá ìjọ ti ní kí òun wá jẹ́rìí nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú gbogbo ènìyàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe báná yẹn? Sọ fún mi o, mi ò ní bínú."

Ó béèrè. Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé, pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ẹran, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Kò sí nǹkan kan." Mo sọ fún ara mi lọ́nà ilé pé màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fọgbọ́n gbé e lọ tún ṣe. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe wá sọ pé mo fẹ́ tún ohun tí wọ́n ní Ọlọ́run ṣe ṣe? Ó dìde jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi náà, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́sẹ̀ kejì, ènìyàn mẹ́ta nínú ìjọ náà wá bẹ̀ mí níṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, mi ò ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní Mowe kì í bẹ ènìyàn, pàápàá níbi tí wọ́n ti gé gbogbo igi láti kọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi páànù yí iná náà ká, kó ga dé ìbàdí, kí afẹ́fẹ́ má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Inú páànù yìí náà ló gbé ìdáná eléèédú kékeré kan sí, tó fi ń se ọbẹ̀. Àwọn obìnrin náà sì ti fi nǹkan kan ṣe òfin láàárín ara wọn, pé bí iná Ọlọ́run bá pòórá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ pa gáàsì. Wọ́n á dúró, wọ́n á gbàdúrà, á sì padà wá fúnra rẹ̀. Ó sì ń padà wá lóòótọ́, nítorí pé apá kan péré ló máa ń lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta omi lójúde ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́, gbogbo iná náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo gáàsì kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò sá, kò pariwo, kò fọwọ́ kan sílíńdà. Ó kúnlẹ̀ sínú páànù yẹn, ó di ojú, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá iná òun padà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà tọ̀. Páànù kò jẹ́ kó lọ síbì kankan. Ó kún ibi tí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sí, ó rọra dé ìdí ìdáná eléèédú, iná náà sì padà wá.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jó dé ìgbọ̀nwọ́, ọrùn rẹ̀ jó, etí rẹ̀ kan jó. Kò kú. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì tún ń dúpẹ́ lónìí. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì dì í. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí ni mo ṣe?" Mo rò pé ìdí báná ló ń bi mí. Ó tún ní, "Mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà láti àárọ̀, mi ò rí i. Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run tó fi bínú sí mi tó báyìí?"

Ìyá ìjọ wá kí i. Ó mú èso wá, ó gbàdúrà, ó sì sọ fún un kó tó lọ pé iná Ọlọ́run kì í jó ẹni tó mọ́, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ọ, mi ò sọ nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti yẹ báná náà wò, mo ti gbé e lọ sí Ibafo, mo sì fi ẹ̀rọ gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn tó rí mi rò pé ìbínú nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀rí ni mò ń bà jẹ́.

Oṣù méje ló fi wá ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Kò se oúnjẹ fún ìjọ mọ́, kò sẹ́ni tó sì pè é. Ó ń gbààwẹ̀ títí tí aṣọ fi ń yọ lára rẹ̀. Ó ń tẹ ènìyàn láago lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí òun pẹ̀lú wọn kò rí ara wọn láti ọdún gbọọrọ, ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nítorí ìró tó yá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, tí kò dá padà. Ọ̀rẹ́ náà kò rántí ìró kankan. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èmi ni mo fi kòkòrò náà sí i lẹ́nu, mo sì ń sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni oorun yẹn ń dín kù.

Ó wá kan èmi. Ó wọkọ̀ láti Mowe wá sí Ibafo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ rẹ̀ tó ti di pálapàla wà lórí itan. Ó ní òun rántí pé òun fi ọmọorógùn nà mí nígbà kan tí mo da ẹ̀wà sílẹ̀, pé ẹ̀wà náà nìkan ló kù nílé, ebi ló mú òun nà mí bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá ibẹ̀ ni. Bóyá nítorí pé òun na ọmọ aláìníyàá. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi ti kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo fà á dìde. Ẹ sì wo ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Mo ti dárí jì yín, Àǹtí." Èmi! Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sin ín dé ìdíkọ̀.

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé ẹ mu tíì lórí ẹ̀?"

"Rárá, sà."

Ó mi orí. Mo ń retí kó bú mi, kò bú mi. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. "Má wulẹ̀ dúró de ọjọ́ yẹn," ló wí. "Gbéra, lọ bá a nílé. Má sì fẹnu lásán sọ ọ́, torí ẹnu ẹ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mú nǹkan tó máa fi ojú rí dání." Ó fún mi ní báná kékeré kan tó wà nílẹ̀ àti sílíńdà kékeré, ó yọ òrùka tó wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Mowe, níta gbangba. Mo ní kó jókòó jìnnà díẹ̀. Mo ṣáná sí i, mo ṣí gáàsì díẹ̀díẹ̀, iná náà gbé ara sókè, ó fi irin sílẹ̀, ó dá dúró. Mo dín in kù, ó sọ̀kalẹ̀. Mo tún ṣí i, ó gòkè. Mo ṣí i pátápátá, ó kú, mo sì yára pa gáàsì. Mo sọ fún un pé bí ti ọjọ́ yẹn ṣe rí nìyẹn, pé mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó gbé e wá, pé mo mọ̀ nígbà tó bi mí, pé òun kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ojú mi wà nílẹ̀, ìyanrìn wà lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti súnmọ́ báná. Ó ní kí n tún tan án. Ó fi ìka rẹ̀ tí kò lè ká dáadáa mọ́ di irin tí wọ́n fi ń ṣí gáàsì mú, ó rọra ṣí i, iná gòkè. Ó dín in kù, iná sọ̀kalẹ̀. Ó ṣe é tó bí ìgbà mẹ́wàá, kò yára. Mo ti rò pé inú rẹ̀ á dùn, pé ẹrù á sọ̀ lórí rẹ̀. Mo rò pé bóyá ó tiẹ̀ máa gbá mi létí, kí ó sì tán. Ó pa gáàsì.

"Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó wá sí ilé ìdáná mi," ló wí.

Mi ò tíì ronú débẹ̀ rí. Mo rò pé ìjìyà nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bí mo bá gba ìyẹn, màá gba ọjọ́ Ìsinmi tó dìde nínú gbọ̀ngàn náà lọ pẹ̀lú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí àtẹ́wọ́ jẹ́ tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó jókòó padà sórí àpótí, ó wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Èwo nínú ẹ̀? Ti iná tó jó mi ni, àbí ti oṣù méje tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run fún ohun tí mi ò ṣe?"

Mo ní méjèèjì ni. Ó ní ti iná, ó ti tán, pé iṣẹ́ ni, ọwọ́ oníṣẹ́ sì lè yẹ̀, àti pé bó bá jẹ́ pé mo sá wá bá òun ní ọsibítù lọ́jọ́ yẹn pé èmi ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀. Ó ní ti ìkejì, kí n fún òun láyè.

Ó ti di ọdún mélòó kan báyìí. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń sè fún àwọn ará ẹ́sítéètì ní Arepo, inú ìjọ kékeré kan tí kò ní ariwo ló sì ń lọ. Ó ń wá sílé mi, àwọn ọmọ mi ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ń gbé ẹran inú abọ́ rẹ̀ sínú tèmi. Ẹni tó bá rí wa á ní kò sí nǹkan kan láàárín wa. Nígbà mìíràn tó bá ń lọ, tí mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀, á dúró, á wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkàn mi á sì fò sókè. Lẹ́yìn náà á ní kí n kí ìyàwó, á wọlé sọ́kọ̀. Mi ò tíì bi í léèrè. Ó ní kí n fún òun láyè, mo ṣì ń fún un.